Lẹ́tà ṣíṣí sí àwọn dókítà oníṣẹ́ abẹ ọkàn ní Àbújá: ẹ yẹ ọpọlọ wò kí ẹ tó la àyà

Ẹ̀yin dókítà wa tí ẹ ń ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn ní Àbújá, ní Kánò, ní Zaria àti káàkiri ilẹ̀ Àríwá,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá. Iṣẹ́ tí ẹ yàn láàyò yìí kì í ṣe iṣẹ́ ojo. Kí èèyàn la àyà ọmọnìkejì rẹ̀, kó fọwọ́ kan ọkàn, kó tún un ṣe, kó sì rán an padà, Ọlọ́run nìkan ló lè san irú rẹ̀ fún yín. Bàbá mi wà láàyè lónìí nítorí irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ má ṣe rò pé mo fẹ́ kóyán iṣẹ́ yín kéré. Ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ̀: kí ẹ tó gbé ẹnikẹ́ni wọ yàrá iṣẹ́ abẹ fún báípáàsì, iṣẹ́ abẹ tí ẹ fi ń la ọ̀nà mìíràn fún ẹ̀jẹ̀ yí ibi tí iṣan ọkàn ti dí ká, ẹ kọ́kọ́ yẹ ọpọlọ rẹ̀ wò, ẹ kọ ohun tí ẹ rí sílẹ̀, kí ẹ sì sọ òótọ́ fún ìdílé rẹ̀ nípa ohun tó lè ṣe ìrántí àti làákàyè rẹ̀ lẹ́yìn náà.

Pákó ni bàbá mi ń tà ní ọjà Dei-Dei. Ọmọ Ọ̀ffà ni, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ níbí débi pé àwọn Hausa ń dá a mọ̀ bí ẹni tiwọn. Ilé kéú ló lọ, kò lọ sílé ìwé Gẹ̀ẹ́sì. Síbẹ̀, ẹ sọ fún un pé ẹ fẹ́ kan òrùlé ilé oníyàrá mẹ́ta, kí ẹ tó sọ̀rọ̀ tán, á ti ka iye túù-báì-tírìì àti iye túù-báì-fọ́ọ̀ tí yóò gbà fún yín, á ti fi owó mọ́tò lé e, á sì ti sọ iye tí gbogbo rẹ̀ jẹ́, láì fọwọ́ kan kakulétọ̀. Gbèsè àwọn káfíńtà, orí ló fi ń pa á mọ́. Nínú ẹgbẹ́ àsàlátù wa ní Kubwa, òun ni wọ́n máa ń ní kó ṣáájú ìkéwú, nítorí pé kì í ṣèèṣì.

Nígbà tí àyà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dì mọ́ ọn tó bá ti rìn díẹ̀, àyẹ̀wò fi hàn pé iṣan mẹ́ta tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ fún ọkàn ti dí. Wọ́n ní báípáàsì ló kù. Ilé ìwòsàn tó ṣe é, n kò ní dárúkọ rẹ̀, torí kì í ṣe ẹjọ́ ni mo wá rò.

Wọ́n yọ iṣan láti ẹsẹ̀ rẹ̀ àti ọ̀kan láti inú àyà, wọ́n fi la ọ̀nà àbùjá fún ẹ̀jẹ̀. Iṣẹ́ náà yọrí. Ṣùgbọ́n ẹni tó jí ní ICU, yàrá ìtọ́jú àkànṣe, kì í ṣe bàbá tí a mọ̀. Wọn kò jẹ́ ká wọlé ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Àwọn nọ́ọ̀sì ní ó ń sọ kántankàntan, pé ó fẹ́ fa ọ̀pá omi yọ, wọ́n sì ti di ọwọ́ rẹ̀ mọ́ bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tí mo wọlé, mo gbọ́ ohun tó ń sọ. Yorùbá ló ń sọ. "Ẹ gbé búta fún mi. Àkókò ti ń lọ." Ó fẹ́ ṣe àlùwàlá. Òótọ́ ni pé kì í ṣe àkókò ìrun kankan, òru jìn, orí rẹ̀ sì ti dàrú. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo àwọn tó wà láyìíká rẹ̀, kò sẹ́ni tó gbọ́ èdè rẹ̀ láti mọ̀ pé omi ló ń béèrè. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo sọ fún un pé ilẹ̀ kò tíì mọ́, pé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo wà. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ó sùn. Ìdàrúdàpọ̀ bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀ lára àgbàlagbà lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ọkàn. Ẹ̀yin mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwa kò mọ̀, kò sì sẹ́ni tó sọ fún wa.

Ó kúrò ní ICU, ó kúrò nílé ìwòsàn, ọgbẹ́ san. Èyí tí kò tètè san ni orí. Ní ṣọ́ọ̀bù, ó ń béèrè iye owó pákó lọ́wọ́ ọmọ iṣẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ kọ́. Káfíńtà kan wá san gbèsè, bàbá mi gba owó, ó dúpẹ́, kò sì rántí mọ́ nígbà tó di ìrọ̀lẹ́. Ní àsàlátù ọjọ́ Àìkú, ó bẹ̀rẹ̀ Yásín. Ó dé àárín, ó padà sí ẹsẹ tó ti kà kọjá. Ó tún dé ibẹ̀, ó tún padà. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, alfa tó jókòó tì í fi ohùn pẹ̀lẹ́ gbà á sọ, gbogbo ìjókòó sì tẹ̀ lé e. Bàbá mi kò gbójú sókè títí wọ́n fi ṣe àdúà tán.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn mí jù nìyí. Kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ náà, wọ́n pè wá sí ọ́fíìsì kan. Wọ́n ní ọ̀nà méjì ló wà. Ọ̀kan, wọ́n á dá ọkàn dúró, ẹ̀rọ á máa bá a ṣiṣẹ́. Èkejì, ọkàn á máa lù bí wọ́n ṣe ń rán an. Wọ́n ní èkejì yìí wọ́n díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n tí a bá yàn án, ọpọlọ bàbá wa kò ní fara gbá ohunkóhun. A ta ilẹ̀ kan ní Lugbe, a fi owó rẹ̀ kún un. Wọ́n sì ṣe é bẹ́ẹ̀, ọkàn ń lù títí wọ́n fi parí.

Ẹ̀yin dókítà, ẹ mọ̀ ọ́n jù mí lọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ síbí nítorí àwọn ìdílé tí yóò ka lẹ́tà yìí, kí wọ́n má baà ta ilẹ̀ bí a ṣe tà á.

Ẹ̀rọ tó ń gba iṣẹ́ ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró ṣe, ọdún 1953 ni John Gibbon kọ́kọ́ fi ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn tó yọrí, ní Philadelphia. Ẹ̀jẹ̀ á jáde kúrò lára, á gba inú rọ́bà kọjá, ẹ̀rọ á fún un ní atẹ́gùn, á sì dá a padà. Ẹ̀mí tó ti gbà là láti ìgbà náà kò lóǹkà. Ṣùgbọ́n àwọn dókítà kan ń fura sí i. Wọ́n ní afẹ́fẹ́ wẹ́wẹ́ lè bá ẹ̀jẹ̀ wọ ọpọlọ. Wọ́n ní nígbà tí wọ́n bá fi irin fún òpó iṣan ńlá tó jáde láti inú ọkàn, ọ̀rá tó ti gan mọ́ ara rẹ̀ lè já, kó sì gba orí lọ. Wọ́n ní ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ lè lọ sílẹ̀ jù, àti pé ara máa ń gbóná sí ẹ̀jẹ̀ tó ti fara kan rọ́bà. Èrò wọn mọ́gbọ́n dání. Ìdí nìyí tí wọ́n fi padà sí ọ̀nà ọkàn tí ń lù, èyí tí kì í ṣe tuntun rárá: Vasilii Kolesov ti ṣe é ní Leningrad lọ́dún 1964, kí René Favaloro tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi iṣan ẹsẹ̀ ṣe báípáàsì ní Cleveland lọ́dún 1967.

Lọ́dún 2001, àwọn oníwádìí Yunifásítì Duke ní Amẹ́ríkà gbé èsì kan jáde tó já gbogbo ayé láyà. Wọ́n dán ọpọlọ èèyàn 261 wò kí wọ́n tó ṣe báípáàsì fún wọn, wọ́n sì tún un ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń kúrò nílé ìwòsàn, nínú èèyàn 100, 53 ni ọpọlọ wọn ti rẹ̀yìn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 6, ó di 36. Lẹ́yìn oṣù 6, ó di 24. Ọ̀pọ̀ ń bọ̀ sípò, ẹ rí i. Ṣùgbọ́n nígbà tó pé ọdún 5, ó ti gòkè padà sí 42. Ìgbà yẹn ni gbogbo èèyàn ń tọ́ka sí ẹ̀rọ.

Wọ́n wá gbé ọ̀nà méjèèjì sórí ìwọ̀n. Ní orílẹ̀-èdè Netherlands, wọ́n pín èèyàn 281 sí méjì, wọ́n fi ẹ̀rọ ṣe é fún apá kan, wọ́n ṣe ti apá kejì láìsí ẹ̀rọ. Lẹ́yìn oṣù 3, nínú àwọn tí a kò lo ẹ̀rọ fún, 21 nínú 100 ló rẹ̀yìn, nínú àwọn ti ẹ̀rọ, 29. Ó dà bí ẹni pé ìyàtọ̀ ń bọ̀. Nígbà tó di ọdún kan, ìyàtọ̀ náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Nígbà tó di ọdún 5, bí ìdajì ló ti rẹ̀yìn nínú ìsọ̀rí méjèèjì, kò sí èyí tó sàn ju èkejì. Àwọn ilé ìwòsàn àwọn ológun tó ti fẹ̀yìn tì ní Amẹ́ríkà tún ṣe tiwọn pẹ̀lú èèyàn 2,203, èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2009. Ti ọpọlọ dọ́gba. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọdún kan, àwọn ọ̀nà àbùjá tí wọ́n rán láìsí ẹ̀rọ ti dí ju ti àwọn tó lo ẹ̀rọ lọ: 82.6 nínú 100 ló ṣì là níhìn-ín, 87.8 lọ́hùn-ún. Lẹ́yìn náà ni ìwádìí tí wọ́n ń pè ní CORONARY dé, èèyàn 4,752, ní orílẹ̀-èdè 19. Nígbà tó pé ọdún kan, wọn kò rí ìyàtọ̀ gidi kankan láàárín làákàyè ìsọ̀rí méjèèjì.

Nítorí náà, ẹni tó bá sọ fún ìdílé kan pé kí wọ́n fi owó kún owó kí ọpọlọ bàbá wọn má baà fara gbá, ó ń ta ohun tí kò sí lọ́jà fún wọn. Mo sọ ọ́ bó ṣe wà lọ́kàn mi. Ọ̀nà ọkàn tí ń lù ní àyè tirẹ̀. Bí òpó iṣan ńlá bá ti kún fún ọ̀rá tó le, tí oníṣẹ́ abẹ tó mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa sì ṣe é láì fọwọ́ kan òpó náà rárá, ewu rọpárọsẹ̀ máa ń dín kù. Ẹ sọ ìyẹn fún wa. Ẹ sọ fún wa pé ọwọ́ tó mọ́ sí i jù ni kí a yàn. Ẹ sọ fún wa bí ẹ ṣe ń fi ẹ̀rọ ayàwòrán yẹ òpó náà wò kí ẹ tó fún un, bí ẹ kì í ṣe mú ara gbóná padà kíákíá jù, bí ẹ ṣe ń ṣọ́ ìfúnpá ẹ̀jẹ̀. Àwọn nǹkan wọ̀nyí ló yẹ kí a máa bi yín, a kò sì ní mọ̀ láti béèrè bí ẹ kò bá la ọ̀nà rẹ̀ fún wa.

Èyí tó kàn ló tún gba ìrònú. Ìwádìí ti Duke kò ní àwọn tí a kò ṣiṣẹ́ abẹ fún, tí wọ́n lè fi wé àwọn tí a ṣe é fún. Àwọn oníwádìí Johns Hopkins ní Baltimore ló wá ṣe ìyẹn. Wọ́n tẹ̀ lé àwọn tó ṣe báípáàsì pẹ̀lú ẹ̀rọ, àwọn tó ṣe é láìsí ẹ̀rọ, àwọn tó ní irú àìsàn kan náà ṣùgbọ́n tí wọn kò ṣiṣẹ́ abẹ, àti àwọn tí ọkàn wọn le koko. Lẹ́yìn ọdún 6, àwọn ìsọ̀rí mẹ́ta tó ní àìsàn iṣan ọkàn, ọgbọọgba ni wọ́n wà. Àwọn tí kò ní àìsàn náà ló sàn jù wọ́n lọ. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ìrẹ̀yìn tó ń dé lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún kì í sábà jẹ́ ẹ̀bi ọ̀bẹ tàbí ti ẹ̀rọ. Ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ, ọ̀rá inú iṣan àti sìgá, tó dí iṣan ọkàn, ló ń dí iṣan wẹ́wẹ́ inú ọpọlọ bákan náà. Bàbá mi ti ní ẹ̀jẹ̀ ríru tipẹ́tipẹ́, kì í sì í lo oògùn rẹ̀ déédéé. Bóyá orí rẹ̀ ti ń rẹ̀yìn díẹ̀díẹ̀ kí a tó gbé e lọ. Ta ni yóò sọ? Ẹnikẹ́ni kò wọn pákó kí wọ́n tó gé e, a wá ń jiyàn lórí bó ṣe kúrú tó.

Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé gan-an nìyẹn. Gbogbo ìwádìí tí mo kà sílẹ̀ yẹn, ìpìlẹ̀ kan náà ni wọ́n dúró lé: wọ́n dán ọpọlọ wò ṣáájú. Bàbá mi, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n yẹ kídìnrín rẹ̀ wò, wọ́n yẹ eyín rẹ̀ pàápàá wò. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè ọjọ́ tí a wà nínú ọ̀sẹ̀.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ, pé ìdánwò wọ̀nyí, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, pé ẹni tí kò lọ sílé ìwé kò ní lè ṣe é. Ilẹ̀ wa níbí ti dáhùn ìyẹn. Ọdún 1992 ni àwọn dókítà Yunifásítì Ìbàdàn, olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Ọ̀ṣúntókun àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Adésọlá Ògúnníyì láàárín wọn, bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn ti Yunifásítì Indiana ní Amẹ́ríkà ṣe ìwádìí àrùn ìgbàgbé láàárín àwọn àgbàlagbà àdúgbò Ìdìkàn ní Ìbàdàn. Yorùbá ni wọ́n fi bi àwọn èèyàn náà ní ìbéèrè, ìdánwò náà kò sì béèrè bóyá èèyàn mọ̀wé kọ. Wọ́n tún ní apá kan tí wọ́n ń bi ẹni tó ń bá àgbàlagbà náà gbé: ṣé ó ṣì ń rántí ibi tó fi nǹkan sí, ṣé ó ṣì ń ṣe iṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe? Ká ní ẹnì kan bi wá ní ìbéèrè bẹ́ẹ̀, à bá ti sọ̀rọ̀ àwọn káfíńtà. Àbújá yìí kò ní ìṣòro ẹni tó gbọ́ èdè. Nínú wọ́ọ̀dù kan ṣoṣo, ẹ ó rí nọ́ọ̀sì Hausa, Nupe, Gbagyi, Igala, Tiv, Yorùbá. Ìdánwò tí kò ju ìdajì wákàtí lọ ni, kò gba ẹ̀rọ, kò gba iná mànàmáná. Ẹ tún un ṣe lẹ́yìn oṣù 3, ẹ tún un ṣe lẹ́yìn ọdún kan, ẹ fi èsì wé ti ẹni náà fúnra rẹ̀, kì í ṣe ti olùkọ́ yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà.

Fọ́ọ̀mù tí wọ́n ní ká tọwọ́ bọ̀, alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni wọ́n gbé e wá. Èmi ni mo kà á fún bàbá mi. Ikú wà níbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ dídà wà níbẹ̀, rọpárọsẹ̀ wà níbẹ̀. Ìrántí kò sí níbẹ̀. Ẹ má bẹ̀rù pé tí ẹ bá sọ ọ́ fún wa, a ó sá. À bá ṣì ti gbà kí wọ́n ṣe é, torí ikú ni ọ̀nà kejì. Ṣùgbọ́n à bá ti ní kí ẹ̀gbọ́n mi kọ gbogbo gbèsè sílẹ̀ kó tó wọlé. À bá ti mú gíláàsì rẹ̀ wọ ICU, torí ẹni tí kò ríran dáadáa ní ibi tí kò mọ̀, orí rẹ̀ tètè máa ń dàrú. À bá ti bẹ̀ yín pé kí ẹnì kan tó gbọ́ Yorùbá jókòó tì í lóru.

À bá sì ti dáàbò bo ìyá wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn. Nígbà tí ọkùnrin tó gbọ́n bí ọ̀jáfáfá bá jáde láti ilé ìwòsàn, tí kò mọ iye owó ọjà rẹ̀ mọ́, tí dókítà kò sì sọ ohunkóhun, àwọn èèyàn yóò wá ohun tí wọ́n máa sọ. Àwọn ẹbí láti Ọ̀ffà ní iṣẹ́ ọmọ aráyé ni. Òmíràn ní kí a wá ẹni tó máa ṣe rúkíyà, kó fi Kùránì ṣe àdúà ìwòsàn fún un. Ẹnì kan sì la ẹnu rẹ̀, ó ní ta ló ń fún un lóúnjẹ? Ìyá mi, tó ń ka oògùn rẹ̀ sínú àwo láàárọ̀ lálẹ́, ló di ẹni tí wọ́n ń fojú burúkú wò nínú ilé tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́. Ẹ̀kún tó sun nígbà yẹn, ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú márùn-ún láti ẹnu yín ì bá ti dá a dúró: "Ìyá, ó lè máa gbàgbé nǹkan fún oṣù díẹ̀, ọ̀pọ̀ ló máa ń bọ̀ sípò, ẹ má dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi."

Orí bàbá mi ti ń padà bọ̀. Ó ti ń ṣírò owó pákó fúnra rẹ̀ báyìí, ó kàn ń pẹ́ díẹ̀ sí i ni. A ti ń ṣọ́ ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ bí ojú, oògùn rẹ̀ kò sì já mọ́, torí a ti mọ̀ pé ibẹ̀ ni ogun tó kù wà.

Lọ́wọ́ yín, mo fẹ́ kí àkọsílẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Àwọn tí a ṣe báípáàsì fún níbí, ní ilẹ̀ Àríwá yìí, ẹ kọ bí orí wọn ṣe rí ṣáájú àti lẹ́yìn, ẹ kọ ọ̀nà tí ẹ lò, ẹ pa orúkọ wọn mọ́, kí ẹ sì gbé èsì rẹ̀ jáde. Kò yẹ kó jẹ́ ti Netherlands àti ti Amẹ́ríkà nìkan ni a ó máa fi dá ara wa lóhùn. Ní tiwa, mo ti bá àwọn ọ̀dọ́ inú ẹgbẹ́ àsàlátù wa sọ̀rọ̀. Àwọn kan nínú wọn, tí wọ́n gbọ́ Yorùbá àti Hausa dáadáa, ti gbà láti máa wá jókòó ti aláìsàn àgbàlagbà lóru bí ilé ìwòsàn bá lè gbà wọ́n láyè tí wọ́n sì kọ́ wọn ní òfin ICU. Wọn kò béèrè owó. Ilé ìwòsàn èyíkéyìí nínú yín tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kí ó kéde rẹ̀, a ó wá.

Èmi ni tiyín,
Ọmọ Alhaji onípákó,
Kubwa, Àbújá.